Àsíá Tó Lé Ọ̀gá Jẹ́gẹ́dẹ́ Lórí Àga

Lórí pèpéle tí wọ́n ti ń fa epo lójú òkun Ìlàjẹ, Ọ̀gá Jẹ́gẹ́dẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun jókòó, ó ní, "Oríyọmí, láìparọ́, láìfọwọ́ kàn mí, lé mi dìde lórí àga yìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á gbé ọ lọ sílé." Ìkùukùu bo omi bí ẹni pé òkun ń sùn. Ojú ọmọbìnrin náà wà lára àsíá tó ń júwe ọ̀nà afẹ́fẹ́. Jẹ́ẹ́jẹ́ ni àsíá náà yí, afẹ́fẹ́ wá ń fẹ́ láti orí kànga epo, níbi tí gáàsì olóró ti lè jáde, bọ̀ wá sọ́dọ̀ wọn. Oríyọmí bo imú, ó sáré sọdá. Ọ̀gá fò dìde tẹ̀lé e: "Gáàsì ni?" "Rárá o, sà. Afẹ́fẹ́ Olúwa ló yí. Ẹ̀yin lẹ ní ká sá ná, ká tó béèrè." Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn wo àga rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ fún ọlọ́kọ̀ kó máa lọ, Oríyọmí ò bá a lọ mọ́."