Ìdí Tí Òkúta Aró Fi Ń Sùn Nínú Òwú

Nígbà láéláé, kí ọsàn wẹ́wẹ́ tó bu ẹnikẹ́ni jẹ, Òkúta Aró kò ní àbàwọ́n kankan lára. Àwọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ bí aṣọ tó mu aró yó, ó ń dán, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìyọnu wà nìyẹn.

Inú igbá kan náà ni òun, Iyùn, Ẹ̀gbà Idẹ àti Òwú ń gbé, nílé ìyá àgbà Fádérera. Fádérera fẹ́ lọ sílé ọkọ, ìyá àgbà sì ti ní Òkúta Aró ni òun máa so mọ́ ọn lọ́rùn. Látìgbà tí Òkúta Aró ti gbọ́ èyí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi nínú igbá.

"Òwú, sún sọ́hùn-ún," ló wí. "Ìwọ tí èémí lásán ń gbé kiri. Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi ẹ́ ṣe?"

Òwú sún.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, ìyá àgbà fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí iyanrìn nínú àwo, ó fi fọ Ẹ̀gbà Idẹ, bí a ṣe máa ń fọ idẹ. Idẹ padà dé, ó ń kọ mànà.

Òkúta Aró wò ó títí. "Ìyá àgbà, ẹ fọ èmi náà."

"Ìwọ kì í ṣe idẹ," ni ìyá àgbà wí. "Ara tìẹ rọ̀. Aṣọ tútù díẹ̀ ti tó ẹ."

"Èmi? Ohun tí ẹ fún ẹni tó ń lọ sọ́wọ́ lásán, ẹ ò ní fún èmi tí mò ń lọ sọ́rùn?"

"Orí nìkan ló le lára ẹ," ni Idẹ wí.

Bí ìyá àgbà ṣe yíjú sí ọbẹ̀ tó wà lórí iná, Òkúta Aró bẹ́ sínú àwo.

Ọsàn bù ú jẹ. Ó ń yí gbirigbiri bí ẹni tí ìjàlọ kó sí láṣọ, bó sì ṣe ń yí ni iyanrìn ń họ ọ́. Kí wọ́n tó yọ ọ́, dídán ti lọ. Ibi tí ọsàn jẹ ti di ilà funfun, eérún tó họ kúrò lára Idẹ sínú iyanrìn sì ti há sínú egbò náà.

Fádérera gbé e yẹ̀ wò. "Ìyá àgbà, ṣé èyí lẹ fẹ́ kí n so dé iwájú ìyá ọkọ mi?"

Iyùn ló so lọ.

Ẹni tó ń pàṣẹ nínú igbá wá ń ké tí Idẹ bá ti fara kàn án. Nígbà tó yá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Òwú, jọ̀ọ́, sún mọ́bí."

"Èmi tí èémí lásán ń gbé kiri?"

"Má bínú."

Òwú sún mọ́ ọn, ó wé e lára.

Láti ọjọ́ náà ni òkúta aláwọ̀ aró ti ní ilà funfun lára. Láti ọjọ́ náà ni a kì í ti í fi ọsàn kàn án, tí ó jẹ́ aṣọ rírọ̀ la fi ń nù ún, tó sì ń dá sùn nínú òwú, kí nǹkan míì má baà họ ọ́.

Eérún tó ń tàn lára rẹ̀ ńkọ́? Wúrà ló ń pè é fún gbogbo àlejò. Idẹ á kàn máa wò ó.