Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Ń Fi Ẹ̀gbẹ́ Ojú Wòran

Ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, kí ẹni tí ń jẹ ẹ̀pà tètè jẹ tirẹ̀ tán, nítorí n kì í fẹ́ kí wọ́n máa já ìtàn gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ọdẹ́ríndé ni orúkọ mi. Bàbá mi pa ẹfọ̀n, èmi náà pa ẹfọ̀n. Mo mọ ipa ẹsẹ̀ ìgalà lórí àpáta, mo sì mọ ti etu nínú ewé gbígbẹ. Bí ẹ bá ní mo ń fọ́nnu, òótọ́ ni, ẹni tó ní ohun tí yóò fi fọ́nnu ló ń fọ́nnu. Ṣùgbọ́n ti òní kì í ṣe ti ìfọ́nnu, àṣìṣe mi ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ọyabùnmi, ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìyá wa kú. Aṣọ òfì ni wọ́n ń hun. Ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bàìbàì, òwú ń já mọ́ wọn lọ́wọ́, pupa ń bọ́ sí ibi tí ó yẹ kí funfun wà. Òfin ìsọ̀ àwọn ahunṣọ wa le: ẹni tó bá ba aṣọ mẹ́ta jẹ́ tẹ̀léra, wọn a kó òfì rẹ̀ síta, kò sì ní hunṣọ níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ba ọ̀kan jẹ́. Ohun mìíràn tún wá dé: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yí orí sápá kan, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ènìyàn. Ẹ sì mọ bí èyí ṣe rí nílẹ̀ wa. Ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ọ́, ó fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ ni. Àwọn aládùúgbò ń kùn pé ìgbéraga ti wọ̀ wọ́n lára. Èmi náà lọ bá wọn, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọjú sí ènìyàn kí ẹ tó wò ó.” Wọ́n ní, “Ó dáa, Ọdẹ́ríndé.” Láti ọjọ́ náà wọ́n ń wo ọ̀kánkán. Kò pé ọjọ́ mẹ́fà tí aṣọ kejì fi bàjẹ́, n kò sì so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ rárá.

Ó wá ku aṣọ kan ṣoṣo. Mo gbọ́ pé iwin kan wà nínú Igbó Ojú-Ò-Dọ́gba, Awọnjú ni wọ́n ń pè é, òun ló ń fún àwọn ẹbọra ní awò tí wọ́n fi ń ríran. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká ní òwúrọ̀, mo wọ igbó náà. Ojú wà lára èèpo igi ibẹ̀, òmíràn là, òmíràn pa dé, òmíràn sì là díẹ̀ pa díẹ̀. Mo bá Awọnjú lábẹ́ igi àràbà. Orí rẹ̀ tó ìkòkò aláró, ojú mẹ́ta ló ní, ọ̀kan nínú wọn yọ síta bí ìwo ìgbín, awò oríṣiríṣi sì so rọ̀ sórí ẹ̀ka lẹ́yìn rẹ̀.

Ó bi mí pé, “Ọmọ ènìyàn, kí lo wá ṣe?”

Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ̀yin àgbà inú igbó, ojú ẹ̀gbọ́n mi kò ríran dáadáa mọ́. Awò tó dára jù lọ ni mo wá tọrọ.”

“Yan èyí tó dára jù lọ.”

Mo ń fi wọ́n sójú lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi kan ọ̀kan tó gùn bí ẹnu ìbọn. Mo fi wo òkè kẹta, mo rí ọ̀yà tí ń jẹ koríko níbẹ̀. Mo ní, “Èyí ni.”

Awọnjú ní kí á kọ́kọ́ fi dán àwọn ará ilé òun wò. Ó pe ẹbọra méjì. Èkíní kò lè fara da oòrùn, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Èkejì ń ríran bí ẹni tí ń yọjú nínú ihò ọparun, ọ̀kánkán nìkan ló ń rí, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì kún fún ọgbẹ́ igi. Èkíní gbé awò mi sójú, ó lóṣòó, ó fọwọ́ bojú. Èkejì gbé e, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó já sódò.

Awọnjú kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọdẹ, ojú ta ni o fi yan awò yẹn?”

“Ojú tèmi ni.”

“Ṣé ojú tìrẹ ló ń ṣàìsàn ni?”

Àìmọ̀kan ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ó ní kí n bi àwọn ẹbọra náà ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi ojú wọn ṣe. Èkíní ní òun fẹ́ máa já olú lọ́sàn-án. Mo fún un ní awò dúdú àti akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀. Èkejì ní òun fẹ́ lè rìn dé ilé àna òun láì forí gbá igi. Mo wá gbogbo ẹ̀ka, n kò rí awò tó bá èyí mu, mo bá gé ọ̀pá gígùn kan fún un, kí ó máa fi tọ́ ọ̀nà wò. Awọnjú mi orí pé ó tọ́.

Ó wá ní, “Ó ku ẹ̀gbọ́n rẹ. Níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá sí ìdí òfì rẹ̀? Báwo ni òwú ṣe máa ń jìnnà sí ojú rẹ̀ tó? Apá ibo ló máa ń yí orí sí tí ó bá ń wo nǹkan?”

Èmi tí mo mọ ẹsẹ̀ tí ìgalà fi ń tiro, n kò mọ ìdáhùn ìbéèrè méjì àkọ́kọ́. Mo ní, “Òsì ni wọ́n máa ń yí i sí. Ṣùgbọ́n mo ti ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Nílẹ̀ wa, àfojúdi ni.”

Iwin náà ní, “Àárín ojú rẹ̀ ló ti kú. Ẹ̀gbẹ́ ló kù tí ó fi ń ríran. Ìwọ lo gba èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo sunkún níbẹ̀, èmi ọdẹ, n kò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo nu ojú tán, ó fún mi ní awò róbótó kan tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè di òwú mú. Ó ní kí á gbé òfì náà sẹ́bàá fèrèsé. Ó ní, “Kò ní dá ojú padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, má purọ́ fún un. Bí kò bá sì bá a mu, ẹ mú un padà wá ká pààrọ̀ rẹ̀.”

Nígbà tí mo délé, mo lọ tààrà sí ìsọ̀. Aṣọ kẹta ti wà lórí òfì, Ìyá Ìsọ̀, olórí àwọn ahunṣọ, sì dúró tì í. Mo dọ̀bálẹ̀ lójú gbogbo wọn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí.” Mo wá sọ fún wọn ohun tí iwin sọ. Ẹ̀gbọ́n mi yí orí sí òsì díẹ̀díẹ̀, wọ́n wò mí pẹ́.

Wọ́n ní, “Ọdẹ́ríndé, o ti hewú. Ìgbà wo lo hewú?”

Ìyá Ìsọ̀ tó ti ń kùn jù lọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ bá wa gbé òfì sẹ́bàá fèrèsé, mo sì gbé awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ kẹta pẹ́ kí ó tó parí. Òwú pupa kan ṣèèṣì bọ́ sí ibi tí kò yẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti rí i, wọ́n ti tú u, wọ́n sì tún un hun. Òfì wọn wà níbẹ̀ di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ọmọ ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ojú kò dọ́gba. Bí ẹ bá fẹ́ ran ẹni tí ojú ń dùn lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tó fẹ́ rí, kí ẹ sì wo bó ṣe ń wò ó. N ó dìde báyìí, ẹnu ti gbẹ mí. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń gba ọ̀nà yìí kọjá. Bí wọ́n bá yí orí sí òsì nígbà tí ẹ bá kí wọn, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni wọ́n ń wá ọ̀nà láti rí.