Ajá Tó Ń Jẹ́ Mi-ò-féèyàn

Ọkùnrin kan wà tó bínú sí àbúrò rẹ̀ títí ó fi lọ ra ajá. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin òkú ìyàwó ẹ̀gbọ́n, àbúrò náà kọ́kọ́ ná ọjà tán kó tó yọjú. Ọ̀rọ̀ náà dun ẹ̀gbọ́n dọ́kàn. Kò bá a jà, kò sì bi í léèrè. Ọ̀dọ̀ ọdẹ kan ló gbà lọ, ó ra akọ ajá ńlá kan, àyà rẹ̀ gbòòrò, itan rẹ̀ ki pọ́pọ́, ó sì sọ ọ́ ní Mi-ò-féèyàn.

O sá mọ̀ bí a ṣe máa ń fi orúkọ ajá sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wa. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ké tantan pé, "Mi-ò-féèyàn o!" Ajá á sáré dé. Àbúrò rẹ̀, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, á gbọ́. Àwọn ará àdúgbò náà á gbọ́. Nígbà tó yá, wọn ò kí i ju ẹ kú ilé lọ mọ́, wọn kì í sì í dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ọdún ń gorí ọdún. Ajá náà ò níwà burúkú kankan. Ó tóbi lóòótọ́, ó sì ń jẹun bí alágbàṣe méjì, ṣùgbọ́n ọmọdé ìbá gùn ún lẹ́yìn ṣeré, bí ọmọdé bá ń wá sílé náà. Ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ ló máa ń gbórí lé sùn. Ọkùnrin náà á máa ròyìn oko àti òjò fún un, ajá á máa wò ó lójú. Àárò èèyàn ń sọ ọkùnrin náà gan-an, ṣùgbọ́n kò jẹ́ wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti oko dé. Ajá rí i, inú rẹ̀ dùn, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fò mọ́ ọn láyà. Ọkùnrin náà ṣubú lẹ́yìn ilé, itan rẹ̀ dá. Ẹ̀rù ba ajá, ó sá wọ igbó. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Orúkọ kan ṣoṣo tó ti mọ́ ọn lẹ́nu náà ló ń ké: "Mi-ò-féèyàn o! Mi-ò-féèyàn!" Àwọn tó ń kọjá gbọ́, wọ́n ní ó tún ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Oòrùn wọ̀. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó wá rí i pé òun lè kú síbẹ̀, ó sì pe orúkọ tí kò pè láti ọjọ́ ìsìnkú ìyàwó rẹ̀.

"Àkànjí."

Kò pè é lẹ́ẹ̀kejì. Àbúrò rẹ̀ yọ láti ẹ̀yìn ògiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń gbọ́ ohùn yín láti ọ̀sán. Ajá lẹ ń pè."

Ọkùnrin náà gbójú sókè wò ó. Orí àbúrò rẹ̀ ti funfun báláú, kò sì mọ ìgbà tó funfun. Ó bú sẹ́kún.

Ìwọ tí o wá bá mi pé kí n fún ọ ní ọmọ ajá nítorí pé o ò fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n rẹ sójú mọ́, n ó fún ọ. Ajá dára nílé, kò sì ní í dà ọ́. Ṣùgbọ́n kò lè gbé ọ dìde nílẹ̀. Lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ ná. Tí o bá tibẹ̀ dé, wá mú ajá rẹ, kí o sì sọ fún mi orúkọ tí o fẹ́ máa ké lẹ́nu ọ̀nà rẹ.