Gìgísẹ̀ Ọdẹ́jìmí ní Igbó Irin

Mo kí yín o, ẹ̀yin tí ẹ jókòó kalẹ̀ bí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́! Èmi Ògúnlẹ́yẹ, ọdẹ Ìsàlẹ̀-Àràbà, n kò mọ nǹkan kan. Ìbọn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n yìn, òun náà a sì máa tàsé. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí nǹkan.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá Ọdẹ́jìmí àbúrò mi, ọdẹ bíi tèmi, wó, apá òsì kú, ẹsẹ̀ òsì kú. Ọdún gorí ọdún, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ń gbé e bí ọmọ tuntun, títí àìsàn fi wọ òun náà lára. Ni Ọdẹ́jìmí bá bú sẹ́kún: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé mi dé Igbó Irin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ arọ ní ìrìn. Mo fẹ́ kí Àwẹ̀ró rí mi lórí ìdúró kó tó kú."

Mo pọ̀n ọ́n bí ìyá ọlọ́mọ, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin aláìníṣẹ́! A rìn títí a fi dé ẹnu ọ̀nà tí ẹtu kan ń ṣọ́.

Ẹtu ní: "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin apẹran! Ẹ̀yin tí ẹ yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pa bàbá mi, ẹ̀yin náà lẹ wá kọ́ ìrìn?"

"Dákẹ́, ọbẹ̀ tí kò tíì jiná!" ni mo fi dá a lóhùn.

Inú lọ́hùn-ún ni Ẹlẹ́sẹ̀-Irin wà, kò lórí, kò láyà, àfi ìbàdí àti ẹsẹ̀ méjì tó ń dán bí ọ̀kọ̀. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbá Ọdẹ́jìmí mú ní ìbàdí, ní itan, ní ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní: "Bàbá, n kò ní rìn fún yín o. Ẹ̀yin lẹ ó gbé ẹsẹ̀ yín. Ibi tí agbára yín bá ti tán ni n ó ti gbà á. Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ kó dún."

Kò dún! Orí ìka ẹsẹ̀ ni ọdẹ fi ń yọ́ tọ ẹran láti kékeré, ẹtu sì dúró tó ń wò ó. "Kí n máa dún gbì gbì níwájú ẹran? Ẹ̀gbọ́n, ojú á tì mí pa." Irin bẹ̀ ẹ́, mo bú u, oṣù lé, oṣù wọ̀, agídí rẹ̀ le ju ẹsẹ̀ tó kú lọ. Àfìgbà tí àánú ṣe ẹtu fúnra rẹ̀, tó kẹ̀yìn sí i: "Ọdẹ, mi ò wò ọ́ mọ́. Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́: gbì! Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Nígbà tí Irin tú u sílẹ̀, ọ̀pá ló fi tilẹ̀ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

A délé. Òun fúnra rẹ̀ ló kanlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ṣí i, nínú aṣọ dúdú.

"Bàbá, ẹ ń rìn!" Ni ẹkún bá gbọ̀n ọ́n. "A ti sin màmá, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wò títí ẹ̀mí fi bọ́."

Ọdẹ́jìmí yí padà. Gbì, gbì, ó rìn dé ẹ̀yìnkùlé, ó dúró ti ibojì. "Àwẹ̀ró, wò mí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtìjú tí à ń tijú ẹran ìgbẹ́, ará ilé ẹni ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ó dìgbóṣe, ẹ padà sílé, kí ẹ sì tètè dé. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ń bi mí léèrè ní àràárọ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, ẹ bá mi dá a lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, níbo ni kí n máa rìn lọ?"