Òfàfà Tó Fi Ilẹ̀ Búra

Nígbà láéláé, nígbà tí ilẹ̀ igbó ṣì jẹ́ ẹní kan ṣoṣo tí gbogbo ẹranko kéékèèké jọ ń sùn lé, òfàfà kì í gun igi. Kì í sì í ké lóru. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ròkè rárá. Bó bá ń sọ̀rọ̀, àfi kéèyàn sún mọ́ ọn kó tó lè gbọ́.

Láyé ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ẹranko á kó ara wọn jọ sábẹ́ igi ògànwó ńlá kan létí odò. Etu á mú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Òòrẹ̀ á wá pẹ̀lú ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀, á sì sùn sí ọ̀tọ̀ díẹ̀ kó má baà gún ẹnikẹ́ni. Ìgbín, tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ, á wọ́ dé nígbà tí àwọn yòókù bá ti ń hanrun. Wọ́n á tẹ́ ewé gbígbẹ, wọ́n á fara ti ara wọn, oorun á sì gbé wọn lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í sùn láàárín wọn, ìyẹn ẹni tí ìṣọ́ bá kàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Á jókòó sórí gbòǹgbò igi, á la ojú sílẹ̀ nítorí Òjòlá, ejò ńlá tó ń gbé inú àbàtà. Òjòlá kì í sáré, kì í sì í pariwo. Àmọ́ bó bá ti rí ojú kan tó là sílẹ̀, á yí padà síbi tó ti ń bọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ aṣọ́nà kò ju pé kó má ṣe sùn.

Ìyá kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àwẹ̀ró. Òfàfà ni. Ó pẹ́ kó tó bímọ. Ọ̀pọ̀ òjò rọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, tó jẹ́ pé ọmọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá wọn gbé. Nígbà tó wá bí ọmọbìnrin kékeré kan, tí irun rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ó sọ ọ́ ní Àwẹ̀ró. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún fi orúkọ mìíràn pe ìyá yìí. Bí wọ́n bá ti ní, "Ìyá Àwẹ̀ró," á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un pè.

Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni Àwẹ̀ró ń gbé. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló sì ti ń sùn. Bó bá fẹ́ sùn, á fi imú kékeré rẹ̀ ti ìyá rẹ̀ lọ́rùn, á mí sínú, á mí sóde, ó di oorun.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, ewé tútù wọ́n nínú igbó. Àárẹ̀ tún mú Àwẹ̀ró, ara rẹ̀ ń gbóná, kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú kan oorun fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nígbà tí ara ọmọ tutù, ìyá jáde lọ wá ewé. Ó rìn jìnnà kó tó rí. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó dé, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ìṣọ́ sì kàn án.

Etu ló máa ń pín ìṣọ́. Nígbà tó wo ojú rẹ̀, àánú ṣe é.

Ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, ojú rẹ ti pọ́n. Lọ sùn. Màá bá ọ ṣọ́ tòní."

Ìyá Àwẹ̀ró ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Etu. Àwọn tó bí rẹpẹtẹ ń ṣọ́nà tiwọn. Kí ni wọ́n á wí sí èmi tí mo bí ẹyọ kan?"

Etu tún bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ó lọ jókòó sórí gbòǹgbò.

Àwẹ̀ró sùn sẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ara ọmọ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìyá rẹ̀ tòògbé. Ló bá rò ó pé bí òun bá gbé ọmọ náà kalẹ̀, òtútù á jẹ́ kí ojú òun dá. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e láyà, ó sì dojú kọ àbàtà. Afẹ́fẹ́ fẹ́. Ó fẹ̀yìn ti igi, kí ẹ̀yìn lè sinmi díẹ̀. Kò mọ ìgbà tí oorun gbé e lọ.

Igbe àparò ló jí i. Ilẹ̀ ti mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbi tó gbé e sí, àmọ́ ewé lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ipa fífẹ̀ kan wà nínú erùpẹ̀, tó rìn láti orí ewé náà lọ sínú àbàtà. Ó wẹ̀yìn. Gbogbo àwọn yòókù ṣì ń sùn, ara wọn dá ṣáká. Ọmọ tirẹ̀ nìkan ni Òjòlá gbé.

Wọ́n wá Àwẹ̀ró títí oòrùn fi wọ̀. Wọ́n wá inú koríko, wọ́n wá etí odò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló rí ipa tó wà nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá ìyá rẹ̀ wí. Ì bá sàn fún un ká ní wọ́n bá a wí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọn kò mọ ohun tí wọn yóò máa pè é mọ́. "Ìyá Àwẹ̀ró" há wọn lọ́fun. Ni wọ́n bá ń pè é ní Òfàfà, bí ẹni tí kò bí ẹnikẹ́ni rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kúnlẹ̀ sórí gbòǹgbò tó ti sùn lọ, ó fi ahọ́n kan erùpẹ̀, ó ní, "Ilẹ̀, oorun ló gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Mo fi ọ́ búra. Ojú mi ò ní í pa dé lórí rẹ lóru mọ́ láéláé."

Ìgbín wà nítòsí. Ó sọ fún un pé kó dákẹ́, pé ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀ kì í búra. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu, ilẹ̀ sì ti gbọ́.

Níbẹ̀rẹ̀, ìbúra náà kò ni ín lára, torí ẹkún kì í jẹ́ kó sùn. Nígbà tó yá, ẹkún gbẹ, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè oorun. Ó dùbúlẹ̀ láàárín àwọn yòókù, ó di ojú. Ojú kò gbà. Ó yí sápá ọ̀tún, ó yí sápá òsì. Ewé abẹ́ rẹ̀ ń ró gààrà létí rẹ̀ bíi pé ẹnì kan ń fọ́ igi. Ó ń gbọ́ bí Etu ṣe ń mí, ó ń gbọ́ bí àwọn ọmọ Etu ṣe ń mí. Ó ń rò ó pé, ká ní mo gbà fún Bàbá Etu. Ká ní mi ò sọ ọ́ kalẹ̀. Bó bá rò ó tán, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òru sì gùn bí ọ̀nà tí kò níbi tó já sí.

Lójú mọmọ, á máa rìn bí ẹni tó mu ẹmu. Ewé á bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò ní í mọ̀. Á dìde lọ sódò, á dé ìdajì ọ̀nà, á dúró, kò ní í rántí ibi tó ń lọ.

Àwọn ará ilé rẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Ìyàwó Etu mú un lọ síbi òkúta tí oòrùn ti mú kí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ní kó máa wẹ̀ níbẹ̀ lálaalẹ́, kó má sì jẹun yó sùn. Ó ń wẹ̀, ara rẹ̀ ń rọ̀, ojú rẹ̀ kò pa dé. Òòrẹ̀ ní kó máa rìn jìnnà lójúmọ́, pé ara tó bá rẹ̀ kì í bá oorun jà. Ó rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bó. Ẹsẹ̀ ń ro ó lóru, ojú sì là. Etu fúnra rẹ̀ sọ fún un pé kó má ṣe máa dùbúlẹ̀ kó máa bá oorun jìjàkadì, pé bí kò bá tètè dé, kó dìde, kó lọ jókòó níbòmíràn títí ìpéǹpéjú rẹ̀ yóò fi wúwo. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́. Ó jókòó, ojú rẹ̀ wúwo, ó padà sórí ewé. Ṣùgbọ́n bí ìpéǹpéjú ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣe fẹ́ kanra, ilẹ̀ mì lábẹ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ já, ó sì fò dìde. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní gbogbo ìgbà.

Ìmọ̀ràn wọ̀nyẹn dára. Àwọn mìíràn lò ó, wọ́n sì sùn. Òun nìkan ni kò ràn lọ́wọ́.

Nígbà tó di òru ọjọ́ kan, ó dìde láàárín wọn, ó rìn lọ sí àbàtà, ó jókòó sétí omi. Kò lè sọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Omi pín, Òjòlá gbé orí sókè. Ó wò ó. Ojú Òfàfà là sílẹ̀ rekete, ó pọ́n bí ẹyin iná. Òjòlá rọra yí padà, ó sì wọ inú omi lọ.

Nígbà náà ló sunkún. Ó ní òun tí òun kò lajú nígbà tó yẹ, òun kò wá lè di ojú mọ́ báyìí.

Ibẹ̀ ni Ìgbín bá a. Ó ti pẹ́ tó ti ń wọ́ tẹ̀ lé e bọ̀. Ìgbín kò bi í léèrè ohun tó wá ṣe létí àbàtà. Ó kàn dúró tì í.

Ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró."

Kò tíì sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ó gbé ojú sókè.

Ó ní, "Ìyá Àgbà, gbogbo wọn ló ń sọ bí mo ṣe máa sùn fún mi. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí mò ń gbọ́ bí mo bá dùbúlẹ̀."

Ìgbín ní, "Èmi béèrè. Kí lò ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀, lọ́rùn mi níbí. Bí oorun bá ti fẹ́ gbé mi, èémí náà á dáwọ́ dúró."

Ìgbín kò sọ pé kó gbàgbé. Kò sọ pé ọmọ mìíràn ń bọ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Èyí ò lóògùn, ọmọ mi. Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní ó ní. Ìbúra náà ńkọ́? Àyà mi kì í kúrò lórí ilẹ̀, mo sì mọ̀ pé ilẹ̀ kì í gbàgbé. Ẹni tó bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó o sọ lọ́jọ́ náà. O ní orí ilẹ̀. O ní lóru. O ò dárúkọ igi. O ò dárúkọ ọ̀sán."

Òfàfà ní ẹsẹ̀ òun kò mọ igi í gùn.

Ìgbín ní, "Wàá kọ́ ọ. Oorun òru, má lé e mọ́. Ohun tó bá sì ń gún ọ láyà lóru, má gbé e mì. Ké e síta."

Òfàfà padà sídìí igi ògànwó. Ó gùn ún, ó yọ̀, ó ṣubú. Ó tún gùn ún, ó tún ṣubú. Ó ń sunkún bó ṣe ń gùn ún, omijé rẹ̀ ń kán sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ èèpo igi. Bó ṣe dé òkè nìyẹn. Títí di òní, àtẹ́lẹsẹ̀ òfàfà kì í gbẹ.

Ó rí ihò kan nínú igi náà. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Ó wọ inú rẹ̀, ó ká ara rẹ̀ kò, oorun sì dé. Oorun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bí omi ẹ̀ẹ̀rùn nínú odò. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ta jí, torí ó dà bíi pé nǹkan wúwo lẹ́yìn rẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún sùn díẹ̀. Oorun ni, kì í ṣe ìtura, àmọ́ ó tó láti gbé e dé ọjọ́ kejì.

Nígbà tí òru dé, ó jókòó sórí ẹ̀ka, ó ya ẹnu. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ó kọ́kọ́ rẹlẹ̀, ó ń dún bí igi tó ń fara gbo igi. Lẹ́yìn náà ó ròkè. Ó tún ròkè sí i. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ta jí. Àwọn ìyá na ọwọ́ wá ọmọ wọn nínú òkùnkùn, wọ́n fà wọ́n mọ́ra. Òòrẹ̀ fẹ́ sọ pé kó dákẹ́, kí àwọn lè sùn. Etu ní kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé kó dákẹ́.

Òjòlá, tó ti ń bọ̀ láti inú àbàtà, gbọ́ ohùn náà, ó sì yí padà. Láti ìgbà náà, wọn kò pín ìṣọ́ mọ́ lábẹ́ igi yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì tún pàdánù ọmọ. Wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdí igi. Ó gbọ́ wọn, ó sì wọ inú ihò rẹ̀ lọ. Ọmọ tiwọn ló yè, kì í ṣe tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni òfàfà ti fi ilẹ̀ sílẹ̀, tó ń gbé inú ihò igi, tó ń sùn lọ́sàn-án, tó sì ń ké lóru. Bí ẹ bá sùn sí abúlé tó sún mọ́ igbó, ẹ ó gbọ́ ọ. Ohùn náà á rẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, á máa ga, á máa ga, títí ẹ ó fi rò pé àyà rẹ̀ fẹ́ bẹ́. Lẹ́yìn náà, á dákẹ́ lójijì. Kì í ṣe pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹ́tí ni, bóyá ẹnì kan á dá a lóhùn.