Bí Àwẹ̀ró Ọmọ Ọdán Ṣe Dàgbà Lórí Àpáta

Nígbà láéláé, nígbà tí igi àti ẹranko ṣì ń bára wọn sọ̀rọ̀, gíga ni wọ́n fi ń mọ àgbà. Ẹni tó bá ga jù ọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ẹni tí o bá ga jù lọ, àbúrò rẹ ni, òun ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ọ.

Òfin náà dà bí èyí tó rọrùn, àmọ́ ó máa ń da orí wọn rú. Àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lẹ́nu òjò á ga tán, á wá dúró kí ata tó ti wà lóko láti èṣí máa kúnlẹ̀ fún un. Ní ti ejò, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Bó bá dùbúlẹ̀, ọmọ ọwọ́ ni. Bó bá gbé ọrùn sókè, wọ́n á ní bàbá ti dé. Ejò fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tí òun jẹ́, bóyá ìdí nìyẹn tí kì í fi í bá ẹnikẹ́ni jókòó pẹ́.

Igi kan wà ní àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọdán. Ó ga, ó fẹ̀, ibòji rẹ̀ ni àwọn ẹranko ti ń sinmi lọ́sàn-án. Ọmọ pọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ débi pé wọ́n ń gun ara wọn lórí. Àkọ́bí wọn ń jẹ́ Àwẹ̀ró.

Lẹ́yìn àfonífojì náà ni Àpáta wà. Àpáta ga ju Ìyá Ọdán lọ fíìfíì, torí náà àgbà ni fún un. Kò bímọ. Orí rẹ̀ pá, kò sí ewéko kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ránṣẹ́ sí Ìyá Ọdán pé kó fún òun ní ọmọ kan tọ́, kí ilé òun náà lè gbóhùn ọmọdé.

Ìyá Ọdán kò fẹ́. Inú rẹ̀ kò dùn sí i rárá. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ní kí o mú ọmọ wá kí òun bá ọ tọ́ ọ, ẹnu wo lo fẹ́ fi kọ̀? Ó ronú títí, ó sì yan Àwẹ̀ró, torí ọmọ tó gbọ́n ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé àgbà. Ó fi àdéhùn kan sí i: ọjọ́ tí Àwẹ̀ró bá dàgbà, kó padà wálé. Àpáta gbà. Kò sẹ́ni tó béèrè bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé ó ti dàgbà. Ta ni kò mọ̀? Ṣebí gíga ni.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n bẹ̀ kó gbé ọmọ lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ mọ ọwọ́ lò, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kì í sinmi. Ó hú Àwẹ̀ró jẹ́jẹ́, ó fi ewé tútù wé gbòǹgbò rẹ̀, ó sì gbé e gun orí Àpáta. Nígbà tó débẹ̀, ó wò yíká, kò rí ilẹ̀ kankan. Ó wá ibi tí Àpáta ti sán díẹ̀, ó na gbòǹgbò Àwẹ̀ró lé òkúta náà bí ìka ọwọ́. Ó po amọ̀ etídò mọ́ ilẹ̀ tí ekòló tú sókè, ó rẹ́ ẹ lé gbòǹgbò lórí. Ó fi ìtàkùn dè é mọ́ òkúta, kò le jù, kò dẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ó ká ewéko múlọ́múlọ́ tó ń hù lára òkúta odò, ó fi bo ojú amọ̀ kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́. Ó ní kí Àwẹ̀ró má mira títí gbòǹgbò rẹ̀ á fi mọ ibi tó wà.

Àpáta kò tọ́ ọmọ rí. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé ó ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Oúnjẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ju ìrì òwúrọ̀ àti eruku tó bá kó sínú òkúta lọ, torí náà ó pinnu pé bí òun kò bá lè bọ́ ọmọ yó, òun á kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Ó máa ń wí fún Àwẹ̀ró pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìkíni ni ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ ọ.

"Bí àgbà bá ń kọjá, kúnlẹ̀," ni Àpáta wí. "Má dìde àfi bó bá kọjá tán. Bí o bá kúnlẹ̀ fún tìrẹ, kí o tún kúnlẹ̀ fún tèmi, torí èmi kò ní orúnkún."

Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé Àpáta gbàgbé ẹni tó máa ń kọjá lórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó ga tó Afẹ́fẹ́, torí kò sẹ́ni tó rí ibi tí orí rẹ̀ dé rí. Ní àfonífojì, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń yà, àwọn ọmọ Ọdán á mi orí sí i, ó parí. Ṣùgbọ́n lórí Àpáta, ojú ọ̀nà rẹ̀ ni. Á lọ láàárọ̀, á bọ̀ lọ́sàn-án, bó bá sì lọ tán, á tún padà nítorí nǹkan tó gbàgbé.

Àwẹ̀ró ń kúnlẹ̀. Á kúnlẹ̀ fún ara rẹ̀, á kúnlẹ̀ fún Àpáta, bó bá sì fẹ́ dìde, Afẹ́fẹ́ ti tún dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ síbì kan, ẹ̀ka rẹ̀ na síbì kan náà. Ó rò pé bí wọ́n ṣe ń tọ́ gbogbo ọmọ nìyẹn.

Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, Ìyá Ọdán á rán Ọ̀kẹ́rẹ́ kó lọ wò ó bóyá Àwẹ̀ró ti dàgbà. Ọ̀kẹ́rẹ́ á rìn dé ìsàlẹ̀ Àpáta, á gbójú sókè, á rí igi kékeré kan tó tẹ̀ bí ọmọ tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Kì í gùn dé òkè. Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Á padà, á ní ọmọdé ṣì ni. Ìyá Ọdán á mí kanlẹ̀, á ní kò burú, ó di ọdún mìíràn. Àwọn àbúrò Àwẹ̀ró ga títí èjìká wọn fi kan ti ìyá wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń mú bọ̀.

Lórí Àpáta lọ́hùn-ún, nǹkan ti dojú rú. Èèpo ara Àwẹ̀ró ti hunjọ, ó ti ya bí àkísà. Irùngbọ̀n ti so mọ́ ẹ̀ka rẹ̀, ìyẹn àwọn gbòǹgbò tín-ín-rín tí igi ọdán máa ń ní bó bá dàgbà. Síbẹ̀, kò ga ju orúnkún ẹtu lọ.

Lọ́jọ́ kan, Ẹtu gun Àpáta lọ mu omi òjò tó dá sí kòtò òkúta. Ó rí Àwẹ̀ró. Ó wo gíga rẹ̀, ó dúró kí ọmọdé wá kí òun. Ó wo irùngbọ̀n, orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ìwọ ọmọ yìí." Ó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ, ojú tì í, ó sì kúnlẹ̀. Àwẹ̀ró, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, rí i pé ẹni tó ga ju òun lọ ló kúnlẹ̀ yìí. Ẹ̀rù bà á, òun náà kúnlẹ̀.

Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Ẹtu ń retí kí àgbà ní kí òun dìde. Àwẹ̀ró náà ń retí kí àgbà ní kí òun dìde. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Oòrùn kan àtàrí, omi kòtò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Nígbẹ̀yìn, Àpáta dá sí i, ó ní kí ẹni tó bá jẹ́ àgbà nínú wọn dìde. Kò sẹ́ni tó dìde. Ẹtu bá fi orúnkún wọ́ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kúrò níbẹ̀, kò sì mu omi tó tìtorí rẹ̀ wá.

Nígbà tó lọ tán, Àwẹ̀ró bi Àpáta bóyá ọmọdé ni òun àbí àgbà. Àpáta ronú. Ọjọ́ tí Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé e dé dà bí àná lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni kì í dà bí àná lójú òkúta? Ó ní òun kò mọ̀. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ìfẹ́ ọmọ náà ti wọ̀ ọ́ lára, ó sì ń bẹ̀rù ọjọ́ tí wọ́n máa sọ pé ó ti dàgbà.

Ní àfonífojì, ikán ti wọ inú Ìyá Ọdán. Wọ́n jẹ inú rẹ̀ di ihò, èèpo nìkan ló kù tó gbé e dúró. Ó mọ̀ pé òun kò ní rí òjò tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́: kó fojú kan Àwẹ̀ró kó tó lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà le. Èso tán nínú igbó. Ọ̀kẹ́rẹ́ dé ìdí Àpáta bó ṣe máa ń ṣe, ó sì gbóòórùn nǹkan dídùn láti òkè. Ebi gùn ún lórí, òun náà gun Àpáta. Kí ló rí? Àwẹ̀ró ti so. Èso wẹ́wẹ́ pupa lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́kọ́ jẹun kó tó ronú, ẹ má dá a lẹ́bi. Ìgbà tó yó tán ni ẹ̀rù wá bà á. Ọmọdé kì í bímọ. Ó wo èèpo ara Àwẹ̀ró, ó rántí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà rèé lára ẹni tí òun ń pè ní ọmọdé lọ́dọọdún.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí, "ìgbà wo lẹ dàgbà?"

Àwẹ̀ró ní òun kò mọ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni òun wà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń kú lọ, ó sì fẹ́ rí i. Àdéhùn ti pé, kó múra kí àwọn máa lọ. Àpáta gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò bá wọn jiyàn. "Àdéhùn ni," ló wí. "Tú u."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wá ìtàkùn tó fi dè é. Ìtàkùn ti jẹrà tipẹ́. Gbòǹgbò ló rọ́pò rẹ̀. Ó ti wọ inú Àpáta lọ, ó sì ti wé e yíká débi pé Ọ̀kẹ́rẹ́ kò mọ ibi tí igi parí sí, kò mọ ibi tí òkúta ti bẹ̀rẹ̀. Ó fa ọ̀kan, Àwẹ̀ró gbọ̀n. Ó fa òmíràn, òkúta kan ya lára Àpáta, ó yí lọ sísàlẹ̀. Àpáta ní kó máa fà á lọ.

Ọkàn Àwẹ̀ró dàrú. Ìyá tó bí i ń pè é, bó bá sì lọ, á fọ́ ìyá tó tọ́ ọ. Ó gbìyànjú kó na ẹ̀yìn rẹ̀, kó lè rí àfonífojì, kí ìyá rẹ̀ sì lè rí i. Ẹ̀yìn kọ̀. Ó sunkún, oje funfun sì ń kán níbi tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ti fa gbòǹgbò rẹ̀ já.

"Fi gbòǹgbò mi sílẹ̀," ló wí nígbẹ̀yìn. "Òkú igi lo máa gbé dé ọ̀dọ̀ Màámi. Kó àwọn ọmọ mi lọ. Sọ fún un pé mi ò lè wá, mo ní kí wọ́n wá wò ó." Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kó èso náà sẹ́nu, ó sáré. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ọdán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú, kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá Ọdán ń bi í léèrè, òun náà ń nawọ́ sókè, ó ń nawọ́ sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kò yé ẹnikẹ́ni. Ó wá tu èso náà sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Ọdán wò wọ́n, ó béèrè ẹni tó bí wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní Àwẹ̀ró ni. Ó béèrè bí Àwẹ̀ró ṣe ga tó. Ọ̀kẹ́rẹ́ wolẹ̀, ó ní kò ga ju orúnkún ẹtu lọ.

Ìyá Ọdán bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún sẹ́yìn. Ó ń rántí gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tó ti sọ pé ó di ọdún mìíràn. Ó dùn ún, bí inú rẹ̀ tilẹ̀ ti ṣófo.

"Ọmọ mi ti dàgbà tipẹ́," ló wí. "Èmi ni mi ò mọ̀."

Ó yíjú sí Àpáta. Ó tẹ̀ síwájú kó lè rí orí òkè, ó tún tẹ̀ sí i, èèpo tó gbé e dúró kò sì gbà á mọ́. Ó balẹ̀ gbìì, orí rẹ̀ kọjú sí Àpáta. Àwọn ẹranko sáré dé, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Àwọn kan ní ó ṣubú ni. Àwọn kan ní ojú àwọn ló ṣe, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ni. Títí di òní, ẹnu wọn kò tíì kò lórí rẹ̀, èmi náà kò sì ní dá sí i.

Nígbà tí òjò rọ̀, àwọn ọmọ Àwẹ̀ró hù lára igi tó wó náà. Ilẹ̀ dára, omi wà, wọ́n sì ga fíofío. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ wá dé ojú ẹ̀. Bí a bá ní ká tẹ̀ lé òfin, àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, Àwẹ̀ró ló sì gbọ́dọ̀ máa kúnlẹ̀ fún wọn. Kò sí etí tó fẹ́ gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òfin náà sú gbogbo wọn, wọ́n sì pa á tì.

Láti ọjọ́ náà ni a kò ti fi gíga mọ àgbà mọ́. Láti ọjọ́ náà ni igi tó bá hù lórí àpáta ti máa ń kéré, tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tẹ̀ síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì máa ń di òkúta mú tí kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n. Bí o bá pàdé ọ̀kan lórí òkè, tí kò ga ju orúnkún rẹ lọ, kí i dáadáa. Ó ti lè so èso kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ.