Ìtàkùn Tí Ó Di Iyanrìn Mú

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ẹ̀bi ara mi ni mo fẹ́ kà fún yín. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ apẹja tí ó di ọdẹ, etí òkun ni a sì bí mi sí. Ìtàkùn kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní gbọ̀rọ̀ ayaba, olódòdó àlùkò, tí ó bo gbogbo iyanrìn wa. Bí a bá sá àwọ̀n sí oòrùn, àwọ̀n á há mọ́ ọn. Inú bí mi, mo kó àwọn ọkùnrin jọ, a fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Kí ọdún tó yípo, òkun ti jẹ iyanrìn wọlé, ó gbé ilé mẹ́ta, ó sì dojú kọ sàréè bàbá mi. Nígbà náà ni mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọ igbó àwọn iwin lọ wá ohun tí yóò dá omi dúró.

Mo rìn nínú ẹrẹ̀, mo rìn nínú ẹ̀gún, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi. Ní ọjọ́ keje mo bá iwin arúgbó kan lórí ìtì igi. Ìtàkùn ni irun orí rẹ̀, òdòdó àlùkò sì ń tanná nínú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọdẹ, èmi ni mo di iyanrìn yín mú. Ta ni ó fà mí tu?"

Irọ́ ti dé ètè mi, ṣùgbọ́n ojú tì mí. "Èmi ni, bàbá. Èmi ni mo ṣáájú wọn."

Ó fa irun kan tu, kò gùn ju apá mi lọ. "Ibì kan ṣoṣo ni èyí lè dì mú lọ́dún yìí. Níbo ni ìwọ yóò gbìn ín sí?"

Sàréè bàbá mi ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n iwájú ilé Ìyá Orímisàn, opó ọlọ́mọ mẹ́fà, ni omi ti ń ya wọ ìlú. Mo ní, "Iwájú ilé opó kan ni, bàbá." Ó nà án sí mi.

Mo padà délé, mo jẹ́wọ́ fún ìlú, mo gbìn ín, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sá àwọ̀n síbẹ̀ mọ́. Ìtàkùn ta, iyanrìn dúró. Ṣùgbọ́n òkun gbé sàréè bàbá mi lọ lójú mi, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ìyá Orímisàn di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, o pàdánù sàréè kan, ṣùgbọ́n o kò jẹ́ kí n gbẹ́ mẹ́fà."

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, kí ẹ tó fa ohunkóhun tu, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó dì mú. Ó tán lẹ́nu mi. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ gba ẹ̀yìn ilé Ìyá Orímisàn o, ẹ má tẹ òdòdó náà.